Ẹni Tó Wà Nínú Aṣọ Náà

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni, ní Saskatoon,
òtútù ń fi èékánná họ gíláàsì.
Sinimá ti parí. Mọ́tò Wendell kọ̀, kò jí,
la bá kó wọ ilé dónọ́ọ̀tì tó wà lódìkejì títì,
àwa mẹ́rin, tíì mẹ́rin,
àti ẹnu tí kò fẹ́ sinmi.

Wendell ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀:
kò sí fíìmù tó tó èyí tí ọ̀gá ọkọ̀ sùn
fún ọgọ́ta ọdún láàárín ìràwọ̀,
tó jí, tó bá ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà jù ú lọ.
Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló ti wò ó.
Mẹ́jọ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Mẹ́ta ní òun nìkan.

Rodel, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru,
ní tòun ni ti rọ́bọ́ọ̀tì tó ń tọ́jú arúgbó.
"Irọ́ ni o. Ẹ̀yìn kì í ro rọ́bọ́ọ̀tì yẹn.
Kò sẹ́ni tó fi orúkọ ọmọ tó ti kú pè é
ní aago mẹ́ta òru, kó sì dáhùn."
Síbẹ̀ òun ló fẹ́ràn jù. Kò sọ ìdí ẹ̀.

Verna, ọmọ Cree, ń ro tíì tí kò ní ṣúgà:
"Ẹ máa ń bẹ̀rù pé àlejò á já láti ojú ọ̀run,
á gba ilẹ̀, á kó ọmọ lọ, á yí èdè mọ́ wọn lẹ́nu.
Ẹ̀yin ń pe ìyẹn ní àròsọ.
Ìyá ìyá mi ń pè é ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan báyìí."
Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.
Ẹ̀rọ kọfí nìkan ló ń mí.

Ọmọ tó ń ta dónọ́ọ̀tì ló gbà wá sílẹ̀:
"Kò sí afẹ́fẹ́ lókè yẹn! Bọ́ǹbù ò lè dún!"
Wendell lu tábìlì: "Mo sanwó kí n lè gbọ́ gbì!"
Wọ́n jà á títí tíì fi tutù.

"Ìwọ ńkọ́, Láoyè?"

Mo ní tèmi ni ti ẹranko tó ti inú òṣùpá jáde,
ìwo mẹ́ta, ìpẹ́ tí wọ́n gé lára agolo bíà,
síìpù hàn kedere lẹ́yìn rẹ̀, láti ọrùn dé ìdí.
Ìkìrun ni mo ti wò ó, lójú fèrèsé Bàbá Sẹ́míù,
àwa ọmọ mẹ́tàdínlógún, àgbọ̀n lórí èjìká ara wa.
Bí iná bá lọ, a ó fẹnu ara wa parí ẹ̀.
Títí dòní, n ò mọ èwo ni tiwọn, èwo ni tiwa.

"Síìpù!" Tíì gba ihò imú Rodel jáde.

Wọn ò mọ̀ pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí ní ìlú yìí,
adìyẹ ni mo jẹ́.
Òpópónà Kẹjọ, oṣù Keje, fóòmù àti ìyẹ́ pupa,
mò ń juwọ́ sí mọ́tò kí wọ́n yà wá ra itan adìyẹ,
adìyẹ tó ń polówó itan ara ẹ̀.
Òógùn kún bàtà mi.
Ọwọ́ mi kò dé síìpù,
ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣí i sì ti lọ jẹun ọ̀sán.
Ẹni tó wọ̀ ọ́ ló mọ̀ bó ṣe gbóná.

Ẹ wá gbọ́ ìparí fíìmù mi:
àwọn sójà yìnbọn, orúnkún ẹranko náà yẹ̀,
kó tó ṣubú, ó gbé ọwọ́ kan sókè,
ó ń jù ú, díẹ̀díẹ̀.
Àwọn ọ̀mọ̀wé ní kò mọ eré ṣe ni.
Ní Ìkìrun, a ní ó ń dágbére fún òṣùpá.
Òpópónà Kẹjọ ni ó ti tó yé mi:
ó ń wá ẹni tó máa bá a ṣí i.

Verna kò rẹ́rìn-ín.
Nígbà tí a dìde, ó na ọwọ́,
ó fa síìpù kóòtù mi sókè dé àgbọ̀n.

Níta, Wendell yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.
Mọ́tò náà dún.
"Ẹ gbọ́ o?" ó ní. "Gbì."